Ẹ̀rín Tó Wà Lábẹ́ Oníjó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, oúnjẹ nìkan ni mo ń la ẹnu fún, pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀, àyà mi á bẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní kó bẹ́. Ó ní kàkà bẹ́ẹ̀, kí n máa sọ ohun tójú mi bá rí lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi iyọ̀ sí i, kó má fi ṣúgà sí i.

Iṣẹ́ dé lónìí. Gbọ̀ngàn ìpàtẹ tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ń retí àlejò: àwọn àwòrán àti pósítà ayàwòrán kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń wá ẹni tó máa lẹ pósítà ìkéde rẹ̀ mọ́ ògiri ìgboro. Ọmọ mi dárúkọ mi. Kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń lẹ pósítà. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ni mo gbé búrọ́ọ̀ṣì kọ́. Mo ní mo gbà. Ilé ti dákẹ́ jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo se sítáàṣì tí mo máa fi lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó ti gbówó lórí. Obìnrin tó ń tà á ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀, pé òun kọ́ lòun fi kún un. Mo ní mi ò wò ó, ojú mi ló rí báyẹn.

Wọ́n kó àwọn pósítà dé. Obìnrin oníjó kan ló wà lára wọn, ó ga tó ènìyàn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bíi pé ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ayàwòrán náà fúnra rẹ̀ ló ya ti àkọ́kọ́, àwọn tiwa wulẹ̀ jọ ọ́ ni. Ojú obìnrin náà ò dára. Ṣùgbọ́n tó o bá ti wò ó, kó o tó gbójú kúrò á pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lẹ̀ ẹ́ sí ògiri ilé ìwòsàn, ògiri ilé ìfowópamọ́, ọ̀nà ọjà, àti ọgbà iléèwé. Èjìká ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbàgbé. Mi ò lẹ̀ ẹ́ sí ògiri ibùdókọ̀.

Ọmọ mi ń wò mí báyìí. Ó mọ ìdí. Kọ ọ́ náà, ṣé kì í ṣe ìyá rẹ ni?

Ìyàwó mi ló wà lára ògiri ibùdókọ̀. Alágbàfọ̀ ni. Nígbà tára rẹ̀ ṣì le, ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan, tí kò sí mọ́, ń wá obìnrin tó máa gbé aṣọ funfun dání nínú pósítà wọn. Onífọ́tò wọn bá a níbi tó ti ń sá aṣọ, ó ní ẹni tí òun ń wá nìyí. Ìyàwó mi ní eyín kan tó kán láti kékeré, lókè, lápá òsì. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé yìí, ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu, tàbí kó fún ẹnu pọ̀ bí àpò tí wọ́n fokùn so. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró sẹ́yìn onífọ́tò, mo sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn, pẹ̀lú eyín tó kán.

Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú. Òjò ti jẹ gbogbo ìyókù. Ti ibùdókọ̀ nìkan ló kù, nítorí etí òrùlé bò ó. Àwọn alẹ̀pósítà yòókù mọ̀, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Àràárọ̀ ni mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ọmọ mi ní òun ti yà á sínú fóònù. Mo mọ̀. Nínú fóònù, ó kéré bí ẹ̀fọn. Lára ògiri, àwa méjèèjì jọ ń wojú ara wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ṣí ìpàtẹ. Ọmọ mi ní dandan kí n wá. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ lọ̀ kẹ́yìn. Mi ò tíì wọ̀ ọ́ látìgbà náà.

Pósítà nínú dígí! Bíi pé wọ́n wẹ ajá ìgboro, wọ́n wá gbé e jókòó sórí àga ìjòyè. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí etí bébà rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun sáré wá. Òun ló ń bá àwọn àwòrán náà rìn kiri. Ó ní òun kì í sùn sílé ju àwọn àwòrán náà lọ. Oníbọ̀wọ́ ni mò ń pè é.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló fọwọ́ kàn án? Ojú ni mo fi kàn án.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ mi fún un, ó fa àga fún mi. Ó ní nígbà tí ayàwòrán náà wà láyé, tí alẹ̀pósítà bá ń lẹ̀ ẹ́ níwájú, àwọn kan á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ̀lú kànrìnkàn, wọ́n á máa ṣí i kúrò kí sítáàṣì tó gbẹ, wọ́n á gbé e sálọ sílé. Olè ló jẹ́ kí àwọn míì nínú wọn ṣẹ́ kù. Mo bi í pé tó bá ti gbẹ ńkọ́? Ó ní, “Tó bá ti gbẹ, Bàbá, ó ti di ti ògiri.”

Ó fi òkúta pẹlẹbẹ kan hàn mí. Orí òkúta ni ayàwòrán náà máa ń yàwòrán sí, wọ́n á wá tẹ bébà mọ́ ọn. Ohun tó wà lọ́tùn-ún lórí òkúta á di òsì lórí bébà. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí.

Àwòrán alágbàfọ̀ kan wà ní kọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, apá rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì. Ẹni tó ya ìyẹn mọ ẹ̀yìn obìnrin tó ń fọṣọ. Mo ní kí ọmọ mi mú mi lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Orúnkún. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀gá ọmọ mi wá sílé, obìnrin tó ni gbọ̀ngàn náà níkàáwọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ yẹn ní nǹkan nínú.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ibi lẹ lẹ̀ ẹ́ dé, àfi ibi tí èrò pọ̀ sí jù.”

“Ògiri yẹn ò gbà á.”

“Báwo ni ò ṣe ní gbà á? Mo débẹ̀ lánàá. Pósítà ọṣẹ àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀. Ọṣẹ tẹ́nikẹ́ni ò tà mọ́!”

“Ìyàwó mi ni.”

Ọ̀gá wo ọmọ mi, ọmọ mi ń wo ilẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Wọn ò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n…”

“Ṣùgbọ́n yẹn gan-an ni mo ti ń retí.”

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò pariwo. Àwọn tó ń wá wo ìpàtẹ ò tó ìka ọwọ́ lójúmọ́. Bó bá rí báyìí títí wọ́n fi máa kó ẹrù wọn lọ sí ìlú mìíràn, àwọn tó ni ilé náà máa ti gbọ̀ngàn pa, ẹni tí wọ́n gbà kẹ́yìn sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ọmọ mi ni wọ́n gbà kẹ́yìn. Kò sọ fún mi. Ó ń gbé àwo oúnjẹ mi wá lálaalẹ́, kò sọ ọ́.

Mo ní kí Ọ̀gá máa lọ sílé, òjò ń ṣú bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Láti ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń kọ̀wé kọ̀ láti kọ̀wé. A jà ni. Ó ní bí wọ́n bá dá òun dúró, ìlú tí òun wà kí ìyá òun tó kú náà ni òun máa padà sí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, kí èmi náà sì lọ máa bá ògiri jẹun. Ó ní, “Bàbá, èmi ni mo wà láàyè. Ẹ wò mí. Èmi ni mo wà níbí.”

Mo ní, “Ìwọ ò sí níbí nígbà tó ń kú.”

Kọ ọ́. Mo ní kọ ọ́. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Ọmọ mi kó abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún un fọ̀.

Lónìí ló gbé bírò wá, ó jókòó. Ó ní, “Ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́.” Ohun tí mo ní láti sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ síbùdókọ̀ pẹ̀lú garawa omi gbígbóná, kànrìnkàn, àti ọ̀bẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní kí n gbìyànjú láti ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ ọṣẹ wà. Ó ń bọ́ bí èépá. Kò sí ibi tó ṣí lódindi. Nígbà yẹn, mo fi gúlúù pákó lu sítáàṣì tí mo fi lẹ ti ibùdókọ̀, torí mo fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, kí n máa rí i tí mo bá ń wọkọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó mọ́ ògiri.

Mo dáwọ́ dúró kí n tó dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo rò ó títí. A máa ń lẹ pósítà létí nìkan, tó bá jẹ́ ibi tí wọn ò fẹ́ ká bà jẹ́, bíi ara ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gba sítáàṣì, ikùn á gbẹ. Tí wọ́n bá lọ, a ó ṣí etí, ohun tó wà lábẹ́ á wà bó ṣe wà. Kí ni ò jẹ́ kí n ti rò ó? Ìbínú ni.

Mo wọ yàrá ìyàwó mi. Dígí ìwojú rẹ̀ ṣì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti yí i padà, torí ojú èmi nìkan ò wù mí í rí níbẹ̀. Mo mú páúdà rẹ̀. Tí mo bá fi páúdà kùn ún lójú kí n tó bò ó, sítáàṣì tó bá ṣàn ò ní lè mú un.

Ọmọ mi ní, “Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?”

Mo ní iṣẹ́ mi nìyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A débẹ̀ ní kùtùkùtù. Ọmọ mi di àkàbà mú. Mo fi páúdà kun iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu, eyín. Òórùn rẹ̀ jáde níbẹ̀, láàárín èéfín ọkọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sinmi. Mo tún gòkè.

Àwọn alẹ̀pósítà ẹgbẹ́ mi ti pé jọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu Gígùn pariwo:

“Baba Onísítáàṣì! Ṣé orogún lẹ mú wọlé yìí?”

Gbogbo ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Àlejò ni. Ẹ bá mi sọ fún ìyáálé pé kò ní pẹ́ẹ́ lọ.”

“Àlejò tó gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí? Bàbá, ilé yín á gbóná o!”

Mo lẹ etí òkè, etí ọ̀tún, etí òsì. Ẹ̀rín ló kù lábẹ́. Mo lẹ etí ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi ò tíì jọ̀wọ́ àkàbà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Èrò ń wọ gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ní ògiri ibùdókọ̀ ni. Mo ní iléèwé ló gba ìsinmi. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí inú èèyàn dùn lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti yí ọ̀nà padà. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mò ń gbà báyìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Ìjì jà lọ́sàn-án. Ó ká páànù lórí àwọn ilé. Mo gbé agbòjò, mo gba ibùdókọ̀ lọ. Etí òrùlé tó bo ògiri náà ti lọ, ó wà láàárín títì, ọkọ̀ ń gun orí rẹ̀ kọjá.

Omi ń dà lu oníjó láti òkè. Ó ti wọ abẹ́ rẹ̀. Ikùn pósítà tí mi ò lẹ̀ ti wú bí ti aboyún, omi wà nínú rẹ̀, ó ń mì. Ká ní mo lẹ̀ ẹ́ tán ni, omi ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Páúdà náà ńkọ́? Páúdà kì í lé omi, ó máa ń mu ún ni. Mo ti di arúgbó, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é.

N kò lè ṣí i. Bébà tó mu omi báyẹn, tó o bá fà á, gbogbo rẹ̀ á wá. Mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò sísàlẹ̀, omi ṣàn jáde. Funfun ni, bí omi ìrẹsì. Mo gbé agbòjò lé e lórí títí òjò fi dá. Àwọn èrò ń wò mí bí wèrè. Kò kàn mí.

Ọmọ mi wá mú mi. Ó di apá kejì agbòjò mú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Mi ò ní ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹlẹ́nu Gígùn wá kí mi. Ó bá mi mú páànù kékeré kan, ó ní òun fẹ́ lọ kàn án sókè ògiri náà fún mi. Ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un. Ó jókòó díẹ̀, ó lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó, kò lò ó lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ìpàtẹ parí. Wọ́n ń kó àwọn àwòrán sínú àpótí pákó. Ọ̀gá ní èrò tó wá ju bí àwọn ṣe rò lọ, pé ọmọ mi á máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ mi dì mọ́ mi níwájú gbogbo wọn. Inú mi dùn. Ó dùn dé ibi tó lè dé.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé tí onípósítà bá lọ, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ló ń ṣí i. Mo ṣí ti ilé ìwòsàn, mo ṣí ti ọjà. Mo fi ibùdókọ̀ ṣe ìkẹyìn. Ọmọ mi gbé garawa, Oníbọ̀wọ́ náà tẹ̀ lé wa láti dágbére. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Mo fi kànrìnkàn rin etí. Mo ṣí òkè, mo ṣí ẹ̀gbẹ́. Ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo fi apá méjèèjì gbé oníjó náà kúrò, mo sì wo ògiri.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọwọ́ kan àti ààbọ̀ orúkọ ọṣẹ ló kù. Ibi tí ojú wà funfun, ó rí pálapàla, bí ibi tí ọgbẹ́ ti jinná.

Mo dúró. Mo gbọ́ Ẹlẹ́nu Gígùn tó ń lé àwọn èèyàn: “Ẹ kúrò níbẹ̀, kí lẹ̀ ń wò?” Mo fẹ́ ju pósítà náà sílẹ̀. Mo ti ń ká a.

Ọmọ mi ní, “Bàbá. Ẹ má ká a. Bàbá, ẹ dúró!”

Iwájú mi ló dúró sí, oníjó ló kọjú sí mi, ẹ̀yìn pósítà lòun ń wò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i sí mi.

Ìyàwó mi wà níbẹ̀, lẹ́yìn oníjó. Ó ti ṣí, ó ń hàn fírífírí, bí ìgbà téèyàn ń wo ẹnìkan láti ẹ̀yìn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n òun ni. Ó tóbi tó ara rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là, eyín tó kán sì hàn. Páúdà àti omi ló mú un kúrò lára ògiri, bébà ló sì gbà á.

Oníbọ̀wọ́ rọra sọ pé, “Bí òkúta gan-an.” Ó sáré lọ mú bébà rírọ̀ kan àti pákó pẹlẹbẹ méjì wá nínú ẹrù rẹ̀, ó bá wa tẹ́ ẹ. Ó ní ká má sá a sóòrùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó ti gbẹ. Mo yọ dígí ìyàwó mi kúrò lórí ìṣó, a gbé òun fúnra rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Oníjó ló wá kọjú sí ògiri báyìí. Bí àlejò ṣe ń kúrò lójú ọ̀nà nìyẹn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan yí padà. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé aṣọ dání tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi gbé e báyìí. Eyín tó kán ti bọ́ sápá kejì. Mo ní, “Wò ó, ìyá rẹ ti di ọlọ́wọ́ òsì lọ́jọ́ ogbó.”

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ bo ẹnu bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bíi ti ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo eyín tirẹ̀ ló pé. Ó wá gbé dígí tí mo fi sílẹ̀, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún wo ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, bí òun ṣe máa ń rí ara rẹ̀ nìyí. Láràárọ̀. Nínú dígí yìí.”

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọdún tí mo fi wo obìnrin yẹn, níwájú rẹ̀ ni mo dúró. Mi ò dúró síbi tí òun dúró sí rí.

Ó ń bi mí pé ọ̀rọ̀ wo ni mo sọ lẹ́yìn onífọ́tò lọ́jọ́ náà, tí ìyá òun fi gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń bi mí láti kékeré. Ìyá rẹ̀ náà kò sọ fún un.

Gbé bírò yẹn sílẹ̀, kí n sọ ọ́ fún ọ.